Wọ́n ní CML ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, hóró oògùn ni wọ́n sì ní kó máa lò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

AláṣọÒkè_Ìsẹ́yìn
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí tipẹ́, mi ò kọ nǹkan kan rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni, ẹni ọdún 34, aṣọ òkè ló ń hun. Láti ìgbà Iléyá ló ti ń ní inú òun ń kún, tó bá jẹ òkèlè mẹ́ta péré á ní òun ti yó, ẹ̀gbẹ́ òsì ikùn ẹ̀ wá le gbandi. Lóru á làágùn débi pé ìyàwó ẹ̀ á dìde pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń rù. A lo oògùn ibà, a lo ti táífọ́ọ̀dù, ìyá wa ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n se àgbo, kò yí padà. Ìgbà tí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò ni wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀ jẹ́ 280,000, wọ́n ní kò yẹ kó ju nǹkan bí 11,000 lọ. Dókítà ní ó jọ CML, pé irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ni tó máa ń rọra wá, kó máa lọ sí Ilé-Ifẹ̀ kí wọ́n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì tó máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀, tó bá sì jẹ́ òun, hóró oògùn ló máa máa lò nílé lójoojúmọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá dìjà nílé wa. Bàbá wa ní jẹjẹrẹ kẹ̀? Hóró? Wọ́n ní ṣe ni dókítà ń fi ọgbọ́n sọ pé ká gbé e lọ sílé lọ máa retí ikú. Wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ ká gbé e lọ Íńdíà. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó jọ̀ọ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Oníhóró_Ọ̀ṣun
Àbúrò, fara balẹ̀, kí bàbá má tíì ta ilẹ̀ kankan. Èmi tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí CML ló ń ṣèmi náà, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, mò ń ṣiṣẹ́, mò ń wa mọ́tò, mo tiẹ̀ ti bímọ lé e. Gbogbo ohun tí o kọ yẹn ni mo rí. Ọlọ inú mi wú débi pé bẹ́líìtì ò ṣe é dè mọ́, àwọn ará àdúgbò ní bíà ni.

Hóró yẹn kì í ṣe paracetamol o. Imatinib lorúkọ ẹ̀, Glivec ni orúkọ tí iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe é fi tà á. Kó tó dé, hydroxyurea ni wọ́n máa ń fún èèyàn kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè wálẹ̀, ìyẹn ń fúnni nísinmi lóòótọ́, àmọ́ abẹ́lẹ̀ ni àìsàn náà ń rìn, lẹ́yìn ọdún mélòó kan á ṣẹ́rí padà di èyí tó le koko, ọ̀rọ̀ sì bùṣe. Àwọn míì ń gba abẹ́rẹ́ interferon, ìyẹn sì máa ń mú ara gbóná, ara á máa ro èèyàn bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ pé ó ń wò ó tán nígbà náà ni kí wọ́n gba mùdùnmúdùn eegun lára ẹlòmíì fún èèyàn, owó ibẹ̀ kọjá sísọ, ìyẹn náà sì ń pààyàn.

Mi ò ní Íńdíà ò dáa. Àmọ́ ẹni tó bá gbé CML dé Íńdíà lónìí, hóró yìí kan náà ni wọ́n máa kọ fún un.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Ọlọ́run á wò ó o. Oògùn á jẹ́.

Ọ̀gá_Láàbù
Ẹ jẹ́ kí n bá bàbá sọ̀rọ̀ lórí bí hóró ṣe lè ṣe iṣẹ́ yẹn, torí èmi ò bá wọn wí, ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni kẹ́mò, irun á re, èèyàn á máa bì.

Lọ́dún 1960 ni ọkùnrin méjì kan, Peter Nowell àti David Hungerford, nílùú Philadelphia, rí i pé chromosome kan, ìyẹn okùn tíńtín inú sẹ́ẹ̀lì tí àwọn jíìnì wà lórí ẹ̀, kéré ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní irú lukímíà, ìyẹn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, yìí. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Philadelphia chromosome títí dòní. Wọn ò mọ ibi tí èyí tó já níbẹ̀ lọ, àfi ìgbà tó di 1973 tí Janet Rowley ní Chicago rí i pé kò já sọnù, ṣe ni chromosome 9 àti 22 ṣe pàṣípààrọ̀ ara wọn. Níbi tí wọ́n ti so pọ̀ yẹn, jíìnì méjì tí kò bára tan tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀kan, BCR-ABL ni wọ́n ń pè é. Ohun tí jíìnì yẹn ń ṣe jáde ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì funfun pé máa bí sí i, máa bí sí i, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, bíi suwíìṣì tó há sórí pé kí iná máa tàn. Imatinib máa ń lọ jókòó sí ojú ibi tí nǹkan yẹn ti ń gba agbára, á dí i pa. Torí pé ibẹ̀ gan-an ló ń lọ, kì í pa gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà lára bíi ti kẹ́mò tí ẹ mọ̀, ìdí nìyẹn tí irun kì í fi í re.

Brian Druker, dókítà kan ní Oregon, ló ṣagbátẹrù ẹ̀ jù, 1998 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára èèyàn, oṣù karùn-ún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Lọ́dún 2017 wọ́n gbé àbájáde àwọn tí wọ́n ti ń tọ́pa wọn bọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jáde, àwọn tí imatinib ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, 83 nínú 100 ló ṣì wà láàyè. Àìsàn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n máa ń fún èèyàn.

Àwọn tó ní in tiẹ̀ ní ọjọ́ tiwọn lágbàáyé, ọjọ́ 22 oṣù 9, torí chromosome 9 àti 22 yẹn ni.

Kúnlé_NoSize
83 dáa, 17 tó kù ńkọ́?

Ọ̀gá_Láàbù
@Kúnlé gbogbo wọn kọ́ ni CML pa, àwọn kan kú nípa nǹkan míì, ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ kan. Àmọ́ òótọ́ ni pé ó ń kọ imatinib lára àwọn kan, jíìnì yẹn á tún yí ìrísí padà kí oògùn má lè ráyè jókòó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àwọn àbúrò ẹ̀: dasatinib, nilotinib, bosutinib, ponatinib fún irú ìyípadà jíìnì tí wọ́n ń pè ní T315I tó ya olórí kunkun, àti asciminib tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021, ìyẹn ò tiẹ̀ gba ojú ibi tí àwọn tó kù ń gbà wọlé. Hóró ni gbogbo wọn.

AláṣọÒkè_Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣeun gan-an sà. Mo ti ka èyí fún bàbá wa, wọn ò fèsì, wọ́n kàn ní ṣé ọ̀fẹ́ ni hóró ọ̀hún. Torí èmi náà wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà bà mí lẹ́rù.

Nọ́ọ̀sì_Tó_Fẹ̀yìntì
Ìbéèrè bàbá nítumọ̀, ẹ máa fún wọn lésì tó péye.

Ohun tó jẹ́ kí dókítà dárúkọ Ilé-Ifẹ̀ ni pé ibẹ̀ lètò oògùn ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, ní OAUTHC, ìyẹn ọsibítù Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, láti oṣù kẹjọ 2003. Novartis tó ń ṣe Glivec àti àjọ kan tó ń jẹ́ The Max Foundation ló jọ dá a sílẹ̀ pé kí àwọn tí kò lówó ẹ̀ láwọn ilẹ̀ bíi tiwa máa rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Max tó wà nínú orúkọ yẹn, ọmọdékùnrin kan ni tí CML pa kí oògùn yìí tó dé, àwọn ẹbí ẹ̀ ló dá àjọ náà sílẹ̀. Ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Durosinmi ló ṣáájú àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ tó gbé e ró.

Láàárín ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, èèyàn 98 ni wọ́n kọ ìtàn ìtọ́jú wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé kà. Ohun tó ká mi lára níbẹ̀ lọ́jọ́ orí wọn. Òyìnbó tó bá ní CML, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló máa ń jẹ́ jù. Àwọn tiwa, ìdajì wọn ò ju 36 lọ, ọmọ ọdún 11 wà níbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, àwọn tó wà ní yunifásítì, bí ẹ̀gbọ́n tìẹ yìí gẹ́lẹ́. Gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ń wá, látòkè Ọya lọ́hùn-ún, wọ́n á wọ mọ́tò alẹ́, wọ́n á sùn lójú ọ̀nà torí oògùn.

Láti 2017 ni Max Foundation ti wá ń bójú tó pínpín ẹ̀ fúnra wọn, oògùn míì tí Ọ̀gá Láàbù dárúkọ sì wọnú ẹ̀. Fúnra imatinib pàápàá ti wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí tí WHO máa ń tẹ̀ láti 2015, àwọn iléeṣẹ́ Íńdíà sì ń ṣe é ní owó pọ́ọ́kú sí ti àtijọ́.

Oògùn inú ètò yẹn, ọ̀fẹ́ ni fún aláìsàn. Ẹni tó bá pè yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ẹ mú owó wá kí òun bá yín sáré sí i, ẹ rìn kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ohun tó máa gbowó lọ́wọ́ yín ni káàdì, tẹ́ẹ̀sì, owó mọ́tò, oúnjẹ ojú ọ̀nà. Bàbá lè má ta ilẹ̀, àmọ́ kí wọ́n ya owó mọ́tò sọ́tọ̀ o, òun gan-an ló ń dá èèyàn dúró lọ́nà.

Àgbo_Lọ̀rọ̀_Wà
Gbogbo èyí tí ẹ ń sọ yìí òyìnbó ló kọ́ yín. Oògùn yẹn ń bóra, mo mọ ẹnì kan tó ń lò ó, ó dúdú bí iṣin tẹ́lẹ̀, ó ti wá di afínjú òyìnbó. Kó wá sọ́dọ̀ bàbá kan tí mo mọ̀ ní Ṣakí, ewé àti egbò, oṣù mẹ́ta.

Apòògùn_Abẹ́òkúta
Mo fẹ́ dá ẹ lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ torí pé ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó jóòótọ́. Imatinib máa ń mú kí àwọ̀ ara aláwọ̀ dúdú pọ́n sí i, ó wọ́pọ̀ gan-an, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n, torí pé ohun tí oògùn yẹn ń dí, irú ẹ̀ kan wà nínú iṣẹ́ tó ń ṣe àwọ̀ dúdú ara. Kì í ṣe ìbóra, kò pa nǹkan kan lára. Àmọ́ mo mọ obìnrin kan tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìjọsìn pé ó ń fi krímù bóra, kò sì fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe é, ló bá dá oògùn dúró nítorí ẹnu èèyàn. Torí náà AláṣọÒkè, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín ṣáájú.

Àwọn nǹkan míì tó máa rí: ojú á wú láàárọ̀, pàápàá abẹ́ ojú. Iṣan ẹsẹ̀ á máa so lóru. Inú lè máa rìn ín, ó lè ṣunú díẹ̀. Kó má lò ó sínú òfo, kó jẹun kó tó gbé e mì, kó sì mu omi ife ńlá kan tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ èébì tí èèyàn ń rojọ́ ẹ̀ á lọ. 400 mg lójúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà. Kó má pín in sí méjì kó lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó má bu fún ẹlòmíì tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tiẹ̀ kọ́ nìyẹn.

Wàyí o, àgbo. Ẹ̀dọ̀ ni imatinib ń gbà kọjá, ewé púpọ̀ náà ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbà. Òmíì á lé oògùn jáde kíákíá kó tó ṣiṣẹ́, òmíì á há a mọ́ ara títí á fi di májèlé. Kò sẹ́ni tó wọn ohun tó wà nínú ìgò àgbo yẹn, èmi apòògùn ò lè sọ èyí tó máa ṣe. Ìdí tí mo fi ń ní kó jìnnà sí i nìyẹn, kì í ṣe pé mò ń gan ewé baba wa. Gíréépù náà (grapefruit), èso kíkorò tó jọ ọsàn yẹn, kó fi sílẹ̀.

Àgbo_Lọ̀rọ̀_Wà
Ẹ ṣá máa rò ó wò.

Oníhóró_Ọ̀ṣun
A ti rò ó, a ti mu ún, ọlọ inú mi ò bẹ̀rù ẹ̀ 😂 Inú agbada ìyá mi ni mo ti mu àgbo kí n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, sẹ́ẹ̀lì funfun mi ń gòkè lọ ni.

Màmá_Dára
Ẹ má bínú pé mo ń dá sí i, ẹ ṣọ́ra kí ẹni tó bá ka ibí má lọ rò pé gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni hóró ń wò. Ọmọ mi obìnrin, ALL ló ní, ìyẹn lukímíà tó ń ṣe ọmọdé jù, tó ń yára. Kẹ́mò ni, abẹ́rẹ́ inú eegun ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà hóró, gbogbo ẹ̀ lé lọ́dún méjì. Wọ́n ní ní ìlú òyìnbó ọmọ bí 90 nínú 100 ló ń là á já, mo sì gbà, torí oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú wọn níbẹ̀ náà ni wọ́n kọ fún tèmi. Ohun tí kò bára mu ni pé nígbà tí tiwọn bá ń gba kẹ́mò, ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀ dè é, tiwa, ìyá ọmọ ló máa wá ẹ̀jẹ̀ kiri.

Kẹ́mò máa ń pa platelet, ìyẹn nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ dì. Ó máa ń lọ sílẹ̀ débi pé tí ọmọ bá fọ eyín lásán ẹ̀jẹ̀ á máa jáde. Platelet kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, ọjọ́ márùn-ún ló sábà máa ń lò nílẹ̀, ẹ ò lè tọ́jú ẹ̀ dọ̀la dọ̀túnla. Mo ti dúró lẹ́nu géètì ọsibítù kan rí tí àwọn ọmọkùnrin kan ń bá mi ná iye tí wọ́n máa ta ẹ̀jẹ̀ ara wọn, mo ń sunkún mo ń ná owó. Ohun tó gbà mí sílẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n pín ara wọn sí ọ̀sẹ̀, ẹni tó kàn mọ̀ pé òun ló kàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè pé kí lẹ lè ṣe fún aláìsàn, ẹ má gbé ọsàn wá. Ẹ gbé apá wá.

Ó ti parí ìtọ́jú. Ó ń lọ síléèwé.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú oríire Màmá Dára!!! Mo ka èyí omi bọ́ lójú mi.

Kúnlé_NoSize
Mo rí i níbì kan pé ní Amẹ́ríkà wọ́n ń yọ sẹ́ẹ̀lì ara èèyàn, wọ́n á lọ kọ́ ọ níjà, wọ́n á dá a padà kó lọ pa jẹjẹrẹ. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìyẹn?

Ọ̀gá_Láàbù
CAR-T nìyẹn. Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi wò sàn lọ́dún 2012 ni Emily Whitehead, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, ALL tó ti kọ gbogbo kẹ́mò, ó ti dàgbà báyìí ó ṣì ń bẹ. 2017 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ọjà, $475,000 ni iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e. Ó wà fún ALL, fún àwọn lymphoma kan, fún myeloma náà, irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ míì ni wọ́n. Ìtọ́jú CML kọ́ nìyẹn, ká má da aṣọ pọ̀ mọ́ra. Ohun tó dáa ni o, mi ò ní kí ẹ má kà á, àmọ́ fún ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn lónìí, èyí tó wà ní Ifẹ̀ ló ṣeé dì mú.

Àǹtí_Peckham
Ẹ kú àkókò yìí láti London. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un torí ọ̀rọ̀ mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n mẹ́nu bà lókè. Ìgbà tó bá kọ hóró, tàbí tó bá jẹ́ lukímíà tó le, ó lè di pé kí wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíì fún aláìsàn, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Ọmọ ìyá ni wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tí kò bá sí, wọ́n á lọ sínú ìwé orúkọ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Ibẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú ti ń jìyà: nínú ìwé orúkọ ti Amẹ́ríkà, òyìnbó 79 nínú 100 ló ń rí ẹni tó bá a mu, aláwọ̀ dúdú 29 péré. Ìdí méjì ló fà á, ara tiwa pọ̀ ní oríṣiríṣi ju tiwọn lọ, àti pé a kì í forúkọ sílẹ̀.

Níbí, tọkọtaya kan, Beverley De-Gale àti Orin Lewis, ló dá àjọ ACLT tó ń wá irú àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1996 nígbà tí wọn ò rí ẹni tó bá ọmọ wọn Daniel mu. Wọ́n máa ń dé ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ibi òde àríyá. Mo ti rí wọn níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń náwó fún onílù, mo ní ẹ dúró ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ìṣẹ́jú kan ni, kò sí abẹ́rẹ́. Anthony Nolan, àjọ kan níbí tó ní irú ìwé orúkọ yẹn, máa ń gba ẹni ọdún 16 sí 30. Ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun, ẹ lé àwọn ọmọ yín lọ. Ìgbà tó bá sì di pé wọ́n pè wọ́n láti fún èèyàn, ọ̀pọ̀ ìgbà láti ẹ̀jẹ̀ apá ni wọ́n ń gbà á, kì í ṣe pé wọ́n ń dá eegun lu.

Nílé náà ẹnì kan gbìyànjú, Seun Adebiyi, lọ́yà ni, lukímíà àti lymphoma kọ lù ú papọ̀ ní 2009, kò rí aláwọ̀ dúdú tó bá a mu, sẹ́ẹ̀lì inú ìwọ́ ọmọ tuntun ni wọ́n fi wò ó. Ó wá gbé ìwé orúkọ kan kalẹ̀ fún Nàìjíríà ní 2012, Enugu ni wọ́n fi ìkàlẹ̀ sí.

Òjò_Ìbàdàn
Àǹtí, wọ́n á ní wọ́n fẹ́ fi ṣe oògùn owó ni 😅

Àǹtí_Peckham
Wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú mi. Ìyá kan ní òwú tí wọ́n fi nu ẹnu ọmọ òun, wọ́n lè lọ fi pe orúkọ ẹ̀ sínú ìgò. Mo fi ìwé hàn án, kò kà á. Ọmọ ẹ̀ yẹn wá kẹ́yìn wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ó ṣe é.

Pẹ̀lẹ́_25
Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè, mo ṣí orúkọ tuntun torí mi ò fẹ́ kí wọ́n dá mi mọ̀. Èmi náà ní CML, obìnrin ni mí, mò ń lo imatinib, ẹ̀jẹ̀ mi ti dáa. Àfẹ́sọ́nà mi ò mọ̀. Ṣé mo lè bímọ? Ṣé mo gbọ́dọ̀ sọ fún un?

Apòògùn_Abẹ́òkúta
Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́. O lè bímọ, àmọ́ kì í ṣe lórí imatinib. Oògùn yẹn lè pa ọmọ inú lára, pàápàá oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Torí náà má jẹ́ kó bá ẹ lábo, máa lo ìfètòsọ́mọbíbí títí ìwọ àti dókítà ẹ á fi jọ jókòó pinnu ìgbà. Tí ẹ̀jẹ̀ ẹ bá ti wálẹ̀ dáadáa fún ọdún mélòó kan, wọ́n lè bá ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kó o fi lóyún, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò lemọ́lemọ́, tí àìsàn bá fẹ́ gbórí dìde interferon wà tí wọ́n lè lò fún aboyún. Tó bá di ọmú, a kì í lo imatinib fún ọmọ lọ́mú. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé o lóyún láìròtẹ́lẹ̀, má dá oògùn dúró fúnra ẹ, pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Tìrẹ ti àfẹ́sọ́nà, mi ò lè pàṣẹ fún ẹ.

Nọ́ọ̀sì_Tó_Fẹ̀yìntì
Èmi á pàṣẹ díẹ̀ o, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìyá. Sọ fún un ṣáájú ìdána. Kì í ràn, kì í ṣe àrùn ìdílé tí o máa bí mọ́ ọmọ, chromosome yẹn inú mùdùnmúdùn ìwọ nìkan ló ti ṣẹlẹ̀. Mú un dání lọ́jọ́ tí o bá ń lọ rí dókítà kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Hóró ojoojúmọ́ ò ṣe é fi pamọ́ nínú ilé tọkọtaya, mo ti rí ìyàwó tó ń sin ín sínú gààrí, ọ̀rinrin wọ ọ́.

Pẹ̀lẹ́_25
Ẹ ṣeun mà. Ẹ ṣeun sà.

Oníhóró_Ọ̀ṣun
Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹnu mọ́ tó, òun ni mo fẹ́ kí AláṣọÒkè kọ sílẹ̀.

Lóṣù àkọ́kọ́ sí ìkẹta, ẹ̀gbọ́n ẹ máa sanra. Ikùn á lọ sílẹ̀, á máa jẹ àmàlà, sẹ́ẹ̀lì funfun á padà sí bó ṣe yẹ. Gbogbo ilé á yọ̀, ẹnì kan á ní Ọlọ́run ti wò ó sàn, wọ́n á gbé e lọ dúpẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ló léwu. Ẹ̀jẹ̀ tó dáa lójú láàbù yẹn, BCR-ABL ṣì wà nínú ẹ̀, ó kàn fara pamọ́. Tẹ́ẹ̀sì tó ń rí i dáadáa ni PCR, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la máa ń ṣe é. Wọ́n ń fẹ́ kó ti wá sí ìdá 10 nínú 100 tàbí kó dín lóṣù kẹta, ìdá kan tó bá di oṣù kẹfà, 0.1 tó bá fi máa pé ọdún kan. Tí kò bá wálẹ̀, ó lè jẹ́ pé oògùn ò bá a mu mọ́, ó sì lè jẹ́ pé kò lò ó déédéé, ìyẹn ló sì wọ́pọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń pàdé ní kílíníìkì, ó jẹ́rìí nílé ìjọsìn, wọ́n ní kó fi ìgbàgbọ́ sọ hóró nù. Ó sọ ọ́ nù. Ó tó ọdún kan kó tó padà wá, ó ti wọ ìpele tó le, imatinib ò mú un mọ́. A sin ín. Mi ò bá ìgbàgbọ́ jà, èmi náà ń gbàdúrà, hóró mi ni mo fi ń ṣe àmín.

Òjò_Ìbàdàn
Ṣé títí ayé ni wàá máa lò ó ni?

Ọ̀gá_Láàbù
Kò pọn dandan. Àwọn dókítà ní Faransé dán an wò, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2010: àwọn tí PCR wọn ò rí nǹkan kan rárá fún ó kéré tán ọdún méjì, wọ́n ní kí wọ́n dá imatinib dúró. Nǹkan bí 40 nínú 100 ni àìsàn ò padà bá. Àwọn tó padà bá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn padà, ó sì mú wọn. Àmọ́ oṣooṣù ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó PCR oṣooṣù ò gbọdọ̀ dán irú ẹ̀ wò.

PCR yẹn ni ìṣòro tiwa jù, ju oògùn lọ lójú tèmi. Oògùn ọ̀fẹ́ wà, tẹ́ẹ̀sì tó máa sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́, èèyàn á sanwó ẹ̀ látàpò. Ẹ̀rọ GeneXpert tí wọ́n fi ń yẹ ikọ́ ife wò káàkiri Nàìjíríà, ẹ̀rọ kan náà lè ṣe BCR-ABL tí wọ́n bá ti ki káátírììjì tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ wà nílẹ̀! Káátírììjì ni kò sí níbi tó pọ̀. Tí aṣòfin kan bá ń ka ibí, kó wá iṣẹ́ ìdàgbàsókè agbègbè tiẹ̀ síbẹ̀ dípò kó máa pín ẹ̀rọ ìlọta.

AláṣọÒkè_Ìsẹ́yìn
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti lọ sí Ifẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún PCR, a ṣì ń retí èsì, hydroxyurea ni wọ́n fi sí i ná kó lè wálẹ̀. Ibi tí a jókòó sí, arákùnrin kan bá wa sọ̀rọ̀, òun náà ti ń lò ó láti ìgbà tó wà ní poli, bàbá wa bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi sú u 😂 Ilẹ̀ ṣì wà. Bàbá ò sọ pé àwọn ò tà á mọ́ o, wọ́n ní ká rí èsì ná.

Ìbéèrè kan ló kù: Ramadan ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ò sì fẹ́ gbọ́ pé òun ò ní gbààwẹ̀. Tí wọ́n bá fi sí orí imatinib, báwo ni kó ṣe é?

Apòògùn_Abẹ́òkúta
Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni, ìyẹn mú un rọrùn. Ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ń lò ó máa ń gbé e sí ìṣínu: kó fi dàbínù àti omi ṣínu, kó jẹun dáadáa, kó wá gbé hóró mì pẹ̀lú omi púpọ̀, aago kan náà lálaalẹ́. Kó má lò ó ní sààrì kó tún padà sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á ta á láyà. Àmọ́ kó sọ fún dókítà ṣáájú o, pàápàá tó bá ṣì wà lórí hydroxyurea tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ṣì ga, torí wọ́n máa ń fẹ́ kó mu omi púpọ̀ lọ́sàn-án nígbà yẹn, wọ́n lè ní kó fi àwẹ̀ ti ọdún yìí sílẹ̀ kó san án padà tó bá yá.

Oníhóró_Ọ̀ṣun
Bí èmi náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, lẹ́yìn ìṣínu. Iṣan ẹsẹ̀ máa ń so mí díẹ̀ sí i lóṣù àwẹ̀, kó má bẹ̀rù, kó na ẹsẹ̀ kó tó sùn. Tí èsì PCR bá ti dé kó o fi tó wa létí, tí ẹ bá sì ń lọ Ifẹ̀ nígbà míì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, a lè jọ wọ mọ́tò láti Òṣogbo.